Ìjà Ò Dọlà? Ẹ Jẹ́ Kí Oníkàráté Gba Owó Iṣẹ́ Rẹ̀

Ìjà ò dọlà, orúkọ ló ń sọni. Òwe yìí ni olùkọ́ kàráté kan fi dá ọmọ ẹ̀kọ́ rẹ̀ lóhùn nílùú Ìlá-Ọ̀ràngún ní oṣù díẹ̀ sẹ́yìn. Ọmọ náà ti lé ní ọmọ ogún ọdún dáadáa. Ọdún kẹsàn-án rèé tó ti ń kọ́ kàráté, ó sì ti gba bẹ́líìtì dúdú. Ní ọ̀sán, ọ̀kadà ló ń gùn láàárín Ìlá àti Òkè-Ìlá. Ní ìrọ̀lẹ́, á wọ aṣọ funfun rẹ̀, á máa kọ́ àwọn ọmọdé bí a ṣe ń dúró, bí a ṣe ń ta ẹsẹ̀, bí a ṣe ń gba ẹ̀ṣẹ́ dànù, láìgba kọ́bọ̀. Ẹnì kan láti Èkó ló pè é pé kó wá jà, pé owó wà níbẹ̀. Owó náà kò tó ra ọ̀kadà tuntun, àmọ́ ó ju ohun tó ń rí ní oṣù mẹ́ta lọ. Ó lọ bá olùkọ́ rẹ̀ pé kó yọ̀ǹda òun. Olùkọ́ pa òwe yìí fún un, ó sì fi kún un pé bó bá fẹ́ lọ jà gbowó, kó bọ́ bẹ́líìtì rẹ̀ sílẹ̀ kó tó jáde.

Ọmọ náà kò lọ. Nígbà tí mo wálé, ó wá bá mi nítorí ó mọ̀ pé mo ti ṣiṣẹ́ ìwé ìròyìn rí. Ó bi mí pé: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀ṣẹ̀ wo gan-an ni mo fẹ́ dá?”

N kò rí èsì fún un lọ́jọ́ náà. Èsì rẹ̀ rèé lónìí, mo sì fẹ́ kí àwọn olùkọ́ rẹ̀ náà gbọ́ ọ: kò sí ẹ̀ṣẹ̀ kankan níbẹ̀. Àgbàlagbà tó bá ti kọ́ kàráté dójú àmì ní ẹ̀tọ́ láti fi jẹun. Kì í ṣe owó ló yẹ kí a máa bá ṣọ̀tá. Ìjà tí kò ní dókítà, tí kò ní ìwé àdéhùn, tí kò sì ní ẹni tí yóò dáhùn bí ọ̀ràn bá ṣẹlẹ̀, òun ló yẹ kí a bá ṣọ̀tá.

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí yóò bí àwọn kan nínú, àwọn ẹni tí mo bọ̀wọ̀ fún sì wà lára wọn. Àwọn ni wọ́n ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní àgbàlá ilé-ìwé ní ìrọ̀lẹ́, tí wọ́n ti gba ọ̀pọ̀ ọmọ lọ́wọ́ ìgboro. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ro ẹjọ́ tiwọn bí àwọn fúnra wọn yóò ṣe rò ó.

Wọ́n ní kàráté kì í ṣe ìjà lásán, pé ẹ̀kọ́ ìwà ni. Wọ́n ní ọmọ tó ń tẹrí ba kó tó wọlé, tó tún ń tẹrí ba kó tó jáde, ìkóra-ẹni-níjàánu ló ń kọ́. Bí owó bá ti wọ ọ̀rọ̀ náà, wọ́n ní ìkóra-ẹni-níjàánu á sá lọ, ìgbéraga àti èébú ni yóò rọ́pò rẹ̀, irú èyí tí à ń rí lórí tẹlifíṣọ̀n nígbà tí àwọn abẹ̀ṣẹ́-kù-bí-òjò bá ń halẹ̀ mọ́ ara wọn kí ọjọ́ ìjà tó pé. Wọ́n tún ní ẹ̀ṣẹ́ tí kàráté fi ń kọ́ni, ọjọ́ tí ẹ̀mí bá wà nínú ewu ni a pa á mọ́ fún, kì í ṣe ohun tí à ń pàtẹ.

Ẹni tí wọ́n sábà máa ń fi ṣe ẹlẹ́rìí ni Gichin Funakoshi, olùkọ́ ilé-ìwé láti erékùṣù Okinawa, tó gbé kàráté dé Tokyo ní 1922. Òtítọ́ ni pé Funakoshi kò fẹ́ kí wọ́n máa fi kàráté díje rárá, áńbọ̀sì kí wọ́n fi gbowó. Òtítọ́ ni pẹ̀lú pé nígbà tó kọ́kọ́ dé Tokyo, ilé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ Okinawa ń gbé ló sùn sí, tó ń gbálẹ̀ níbẹ̀, tó ń tọ́jú ọgbà, tó sì ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà kó tó lè jẹun. Àwọn olùkọ́ wa fẹ́ràn ìtàn yìí. Wọ́n ń sọ ọ́ fún àwọn ọmọ bí ẹni ń ka oríkì.

Ṣùgbọ́n wọn kì í sọ ìyókù. Oṣù kẹrin ọdún 1957 ni Funakoshi kú. Ọdún náà kò tíì parí tí ẹgbẹ́ kàráté tó fi í ṣe olórí fi ṣe ìdíje àkọ́kọ́ gbogbo ilẹ̀ Jàpáànù. Àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ rẹ̀ gan-an ni kò tẹ̀lé e lórí ọ̀rọ̀ yìí. Lónìí, àwọn olùkọ́ tó ń fi orúkọ rẹ̀ lé ọmọ padà ní ẹnu ọ̀nà Èkó ni wọ́n ń kó ọmọ lọ sí ìdíje àpapọ̀ eré ìdárayá orílẹ̀-èdè wa, tí wọ́n sì ń gbé àwòrán góòlù sórí Facebook. Bí àṣẹ Funakoshi bá jẹ́ àṣẹ, kí a pa á mọ́ láti òkè délẹ̀. Bí a bá sì ti fi apá kan rẹ̀ sílẹ̀ nítorí àmì-ẹ̀yẹ, kí a má fi apá kejì de ọmọ tálákà mọ́lẹ̀.

Èmi náà rí iyì nínú ìtàn ọkùnrin tó ń gbálẹ̀ kó lè máa kọ́ni. Àmọ́ ìyà wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Ọ̀gá tó mọ iṣẹ́ tó bẹ́ẹ̀, ìgbálẹ̀ ló fi ń jẹun. Ṣé ogún tí a fẹ́ fi lé àwọn ọmọ wa lọ́wọ́ nìyẹn?

Ẹ jẹ́ kí a wá sọ ọ̀rọ̀ owó gan-an, nítorí ibẹ̀ ni àgàbàgebè wà. Ta ló sọ pé kàráté kò tíì mọ owó? Ọmọ tó bá fẹ́ gba bẹ́líìtì tuntun, ó ń san owó ìdánwò. Láti funfun dé dúdú, ìdánwò náà kì í ṣe ẹyọ kan, kì í ṣe méjì. Aṣọ kàráté ń bọ́ lọ́wọ́ ọ̀gá, owó ni. Ìwé ẹ̀rí tí wọ́n fi òǹtẹ̀ ilẹ̀ òkèèrè lù, owó ni. Bí ọmọ bá gba àmì-ẹ̀yẹ fún ìpínlẹ̀, gómìnà a máa fún un ní owó, gbogbo wa a sì máa pàtẹ́wọ́. Ẹni tó ti kọ ìròyìn eré ìdárayá rí ní orílẹ̀-èdè yìí mọ̀ pé bí ìdíje àpapọ̀ bá ti ń súnmọ́lé, àwọn ìpínlẹ̀ kan a máa fi owó fa eléré ìdárayá ti ìpínlẹ̀ mìíràn mọ́ra. Ta ló ní kí àwọn yẹn bọ́ bẹ́líìtì wọn sílẹ̀?

Ó túmọ̀ sí pé owó tó ń wọlé fún ọ̀gá kì í ba kàráté jẹ́, èyí tó ń ti ọwọ́ gómìnà wá kì í bà á jẹ́, àfi èyí tí ọmọ iṣẹ́ bá fẹ́ fi òógùn ara rẹ̀ gbà. Ẹ má bínú, ẹ̀yin àgbà, èyí kì í ṣe ẹ̀kọ́ ìwà. Ẹni tó ń ta bẹ́líìtì kò lè sọ pé owó jẹ́ èèwọ̀ fún ẹni tó rà á.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, a mọ bí a ṣe ń kọ́ iṣẹ́. Ọmọ a lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá, a sìn ín títí ọdún yóò fi pé, a sì gba ìyọ̀ǹda. Wọ́n á gbàdúrà fún un, wọ́n á jẹ, wọ́n á mu, ọ̀gá á sì fi irinṣẹ́ lé e lọ́wọ́. Ta ló ti rí ọ̀gá aránṣọ tó sọ lọ́jọ́ ìyọ̀ǹda pé, “Ọmọ mi, o ti mọ aṣọ í rán, ṣùgbọ́n o kò gbọdọ̀ gba owó ìránṣọ láéláé”? Bí ọ̀gá kan bá sọ bẹ́ẹ̀, àwọn òbí ọmọ náà yóò bi í pé kí ni ọmọ àwọn wá ń sìn ín fún láti ọjọ́ yìí.

Ẹlòmíràn á ní iṣẹ́ aṣọ rírán kì í ṣe ohun ọ̀wọ̀ bíi kàráté. Ó dára. Ẹ jẹ́ kí a wá sí ohun ọ̀wọ̀. Ìran Àyàn ń lu ìlù fún òrìṣà, wọ́n ń lù ú fún ọba, wọ́n sì ń gba owó. Babaláwo kì í dá Ifá lórí òfìfo. Eégún kọjá ohun tí à ń fojú kékeré wò, síbẹ̀ àwọn eégún apidán ni wọ́n ń rìn láti ìlú dé ìlú tí wọ́n ń ṣeré gbowó, inú iṣẹ́ wọn ni eré aláàrìnjó ti jáde. Ní ọ̀dọ̀ wa ní Ìgbómìnà, bí Ẹlẹ́wẹ̀ bá jáde, tó ń jó, tó ń tàkìtì, ìwọ ẹni tó ń wò ó, ṣé o kì í ti ọwọ́ bọ àpò ni? Eégún kò tìtorí bẹ́ẹ̀ di ọjà. Èèwọ̀ rẹ̀ wà síbẹ̀, ẹni tó bá sì tẹ̀ ẹ́ lójú mọ ohun tí yóò fojú rí.

Ìtàn ìran wa sọ pé ogbó tí Odùduwà fún Ọ̀ràngún ló mọ̀nà nínú igbó, òun ni a fi ń jẹ́ Ìgbómìnà. Ohun ìjà ni ogbó, ohun èlò iṣẹ́ sì ni. Ẹni tó fi ogbó kan náà ro oko kò tàbùkù baba ńlá rẹ̀.

Bí ẹ bá sì fẹ́ ẹ̀rí tó sún mọ́ wa ju èyí lọ, ẹ wo Lamidi Ọlọ́nàdé Fákẹ́yẹ. Ìlá-Ọ̀ràngún ni wọ́n bí i sí ní 1928, nínú ìdílé tó ti ń gbẹ́gi lére láti ìran dé ìran. Ère òrìṣà, ère ìbejì, òpó ààfin ni àwọn baba rẹ̀ ń gbẹ́. Mùsùlùmí ni òun fúnra rẹ̀. Ó lọ sí Ọ̀yẹ́-Èkìtì, níbi tí àlùfáà Kátólíìkì kan, Kevin Carroll, ti ń fún àwọn agbẹ́gilére níṣẹ́, ó sì tún kọ́ṣẹ́ lábẹ́ George Bándélé, ọmọ Aréògún. Láti ìgbà náà, ó gbẹ́ ilẹ̀kùn fún ṣọ́ọ̀ṣì, ó gbẹ́ igi fún ilé ìjọba, ó gbẹ́ fún òyìnbó, ó sì gba owó iṣẹ́ rẹ̀. Ó kọ́ni ní yunifásítì Ifẹ̀, ère Odùduwà tó gbẹ́ sì wà níbẹ̀ di òní. Ní 2006, UNESCO dá a lọ́lá gẹ́gẹ́ bí ìṣúra alààyè. Nígbà tó kú ní 2009, kò sẹ́ni tó sọ pé ó ba iṣẹ́ ìdílé rẹ̀ jẹ́. Ohun tí a sọ ni pé òun ló gbé e dé ibi tí ojú àwọn baba rẹ̀ kò tó. Ká ní wọ́n ti sọ fún un ní Ìlá pé igi gbígbẹ́ fún owó jẹ́ èèwọ̀, bóyá à bá ti máa sọ̀rọ̀ iṣẹ́ náà lónìí bí ohun tó ti parun.

Ìbéèrè kan ṣì wà nílẹ̀: ṣé owó kò ní sọ kàráté fúnra rẹ̀ di nǹkan mìíràn? Ẹ jẹ́ kí a wo ibi tí wọ́n ti dán an wò. Ní 1964, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Kyokushin mẹ́ta kúrò ní Jàpáànù lọ sí Bangkok láti pàdé àwọn tó ń fi ìjà ilẹ̀ Táíláńdì jẹun. Méjì borí. Ẹni kẹta, Kenji Kurosaki, tó jẹ́ olùkọ́, ló fìdí rẹmi. Kò sá fún ìtìjú náà. Ó gba ẹ̀kọ́ níbẹ̀, ó sì dá ilé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tirẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn náà. Ní 1996, Andy Hug, ọmọ ilẹ̀ Switzerland tó ti inú Kyokushin dàgbà, gba ife K-1 ní Jàpáànù níwájú àwọn tó sanra jù ú lọ dáadáa.

Èyí tó wọ̀ mí lọ́kàn jù ni ti ìdílé Machida. Yoshizo Machida, ọ̀gá kàráté Shotokan, kúrò ní Jàpáànù lọ gbé ní Bùràsíìlì. Ó kọ́ ọmọ rẹ̀, Lyoto, láti kékeré, ọmọ náà sì gba bẹ́líìtì dúdú ní ọmọ ọdún 13. Baba kò ní kó bọ́ ọ sílẹ̀ nígbà tó fẹ́ lọ jà gbowó. Ní oṣù karùn-ún 2009, Lyoto gba àmúrè UFC ní Las Vegas, pẹ̀lú ìdúró àti ìrìn ẹsẹ̀ tí gbogbo ayé ti ń sọ pé kò wúlò nínú ìjà gidi. Láti ọjọ́ náà, àwọn tó ń fi kàráté ṣẹ̀sín dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Àwọn ìdíje tí wọ́n ti ń fọwọ́ kan ara díẹ̀ kí adájọ́ tó ka àmì kò tíì ṣe irú iyì bẹ́ẹ̀ fún kàráté.

Ẹ má sì sọ fún mi pé Òlíńpíìkì wà. Kàráté wọ Òlíńpíìkì Tokyo tí wọ́n ṣe ní 2021, ọmọbìnrin ilẹ̀ Íjíbítì kan, Feryal Abdelaziz, sì gba wúrà níbẹ̀ fún gbogbo Áfíríkà. Nígbà tó di Paris ní 2024, wọ́n ti yọ kàráté kúrò. Kò sí nínú ti Los Angeles 2028 náà. Ilẹ̀kùn tí ẹ ní kí ọmọ Ìlá máa dúró dè, wọ́n ti tì í.

Àwọn tó wà láyìíká wa kò dúró. Israel Adesanya, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí ní Èkó ní 1989, bẹ̀rẹ̀ taekwondo ní Èkó nígbà tó wà lọ́mọdé. Àwọn òbí rẹ̀ kó lọ sí New Zealand, ibẹ̀ ló ti di ẹni tó ń jà gbowó. Ní oṣù kẹwàá 2019, níwájú èèyàn tó lé ní 57,000 ní Melbourne, ó na Robert Whittaker, tí òun náà ti kọ́ kàráté ní kékeré, ó sì gba àmúrè. Inú gbogbo wa dùn, a pè é ní ọmọ wa. Ṣùgbọ́n ká ní ìlú wa ló dàgbà sí, tó lọ bá olùkọ́ pé òun fẹ́ jà, òwe wo ni a ò bá pa fún un?

Mo wá dé ibi tó ń dùn mí jù. Àwọn olùkọ́ ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé bí ọmọ kò bá lọ sí Èkó, kò ní fi kàráté gbowó mọ́. Irọ́ ni. Ó ń gbà á. Ẹ lọ wo ẹnu ọ̀nà ilé ijó ní Òṣogbo àti ní Ìbàdàn ní òru, kí ẹ bi àwọn tó dúró níbẹ̀ ibi tí wọ́n ti kọ́ ìjà. Ẹ wo àwọn tó ń tẹ̀lé olóṣèlú kiri nígbà ìdìbò. Ọmọ tó mọ ẹ̀ṣẹ́ í jà, tí kò níṣẹ́, tí ìyá rẹ̀ ń ṣàìsàn, ọjà méjì ló wà fún agbára rẹ̀. Ọ̀kan ní adájọ́, ó ní àkókò, ó ní òfin, alátakò rẹ̀ sì mọ̀ pé òun wá jà. Èkejì kò ní adájọ́, kò ní òfin, ẹni tí wọ́n rán an sí kò sì mọ̀ pé ẹnì kan ń bọ̀. Nígbà tí ẹ ti ilẹ̀kùn ọjà àkọ́kọ́ mọ́ ọn, ta ni ẹ rò pé yóò ṣí ìkejì fún un? Ìjà olóṣèlú kì í béèrè bẹ́líìtì. Bí ọ̀ràn bá sì dé, ọmọ náà nìkan ni yóò dé àgọ́ ọlọ́pàá.

Ìdí nìyí tí mo fi sọ pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe bóyá oníkàráté yóò jà gbowó. Ó ti ń jà gbowó. Ohun tó kù ni ìjà wo, níwájú ta ni, àti lábẹ́ òfin wo.

N kò wá sọ pé ìjà orí pèpéle jẹ́ eré ọmọdé. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹta 2025, Ṣẹ́gun Ọláńrewájú, abẹ̀ṣẹ́-kù-bí-òjò ọmọ Nàìjíríà, gòkè láti jà ní Bukom, nílùú Accra ní Gánà. Ìpele kẹta ni ìjà wà tó fi wó lulẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ okùn. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, kò jí mọ́. Ọmọ ogójì ọdún ni. Ẹ̀ṣẹ́ kíkàn ní àjọ tó ń darí rẹ̀, Gánà sì jẹ́ orílẹ̀-èdè tó mọ ẹ̀ṣẹ́ kíkàn dunjú, síbẹ̀ ó ṣẹlẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá sọ fún ọmọ wa pé kó lọ jà, tí kò sì sọ ti Bukom fún un, ọ̀daràn ni.

Èmi náà ti rí díẹ̀. Nígbà tí mo ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ ìwé ìròyìn, wọ́n rán mi lọ síbi ìjà kan ní gbọ̀ngàn tí n kò ní dárúkọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ṣubú, ó dìde, ó tún ṣubú, kò dìde mọ́. Wọ́n wá dókítà tì. Ẹni tó wọ aṣọ funfun níbẹ̀, oògùn ló ń tà ní ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀kadà ni wọ́n fi gbé e jáde, ẹnì kan jókòó sẹ́yìn, ó gbá a mọ́ra kó má baà jábọ́. Kò kú. Nígbà tí mo tún rí i ní oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà, ọ̀rọ̀ ń lọ́ mọ́ ọn lẹ́nu. Kò tíì gba owó rẹ̀ tán. Ìròyìn gígùn ni mo kọ. Ìlà mẹ́rin ni wọ́n tẹ̀ jáde: ẹni tó borí, ẹni tó pàdánù, àti ìpele tó parí sí. Èmi náà sì dákẹ́. N kò fẹ́ dákẹ́ lẹ́ẹ̀kejì.

Ẹ kíyè sí i, kì í ṣe owó ló ṣe ọmọ náà báyìí. Àìsí dókítà ni, àìsí ìwé àdéhùn ni, àti àìsí ẹni tó mọ ibi tó wà lọ́jọ́ kejì. Olùkọ́ tó lé e jáde nílé nítorí pé ó fẹ́ jà gbowó kò sí níbẹ̀ láti ju aṣọ ìnura sílẹ̀ kí ìjà dúró. Ìwà mímọ́ àwọn ọ̀gá ló mú kó dá nìkan wà lọ́wọ́ àwọn ẹni tí kò mọ̀ ọ́n.

Nítorí náà, bí a bá fẹ́ kí kàráté ní èèwọ̀, ẹ jẹ́ kí a fi èèwọ̀ síbi tó tọ́. Mẹ́rin ni mo dá lábàá.

Èkíní, ẹni tí kò bá tíì pé ọmọ ọdún 18 kò gbọdọ̀ jà gbowó, bó ti wù kó mọ̀ ọ́n tó. Ẹni tó bá sì pé, kí olùkọ́ rẹ̀ kọ ìwé pé ó ti tó, kí olùkọ́ náà sì tẹ̀lé e lọ.

Èkejì, kí wọ́n yẹ orí àti ọkàn rẹ̀ wò kó tó wọ̀ ọ́. Kí dókítà tó ní ìwé ẹ̀rí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pèpéle, kí ó ní àṣẹ láti dá ìjà dúró, kí ọkọ̀ tó ń gbé aláìsàn sì wà lẹ́nu ọ̀nà. Bí kò bá sí ọkọ̀, kò sí ìjà. Ẹni tí wọ́n bá lù dákú kò gbọdọ̀ jà mọ́ títí dókítà yóò fi sọ pé ó yá.

Ẹ̀kẹta, kí àdéhùn wà ní kíkọ, ní èdè tí ọmọ náà gbọ́, kí owó rẹ̀ sì ti wà lọ́wọ́ ẹni kẹta kó tó gòkè. Kí adójútòfò, tí a ń pè ní ìnṣọ́ráǹsì, wà fún un, ẹni tó ṣètò ìjà ni kó san án.

Ẹ̀kẹrin, kí ìpín kan nínú owó náà padà sí ibi tí wọ́n ti kọ́ ọ, kí àwọn ọmọdé tí kò lówó aṣọ lè rí aṣọ wọ̀. Olùkọ́ tó fi ọdún mẹ́sàn-án kọ́ni kò yẹ kó jẹ iyọ̀ lásán.

A kò ní láti wá àpẹẹrẹ lọ sí òkè òkun. Ní Sẹ̀nẹ̀gàl, ìjàkadì tí wọ́n ń pè ní lamb jẹ́ eré abúlé lẹ́yìn ìkórè, bí ẹkẹ àti gídígbò ṣe jẹ́ ní ọ̀dọ̀ wa. Wọ́n sọ ọ́ di iṣẹ́. Láti 1994, ìgbìmọ̀ kan wà tó ń darí rẹ̀, tó ń fìyà jẹ ẹni tó bá rú òfin. Ní 2018, wọ́n ṣí pápá ńlá kan fún un ní Pikine. Ìjàkadì ẹyọ kan lè mú owó sẹfá tó tó mílíọ̀nù lọ́nà ọgọ́rùn-ún wá fún ògbóǹtarìgì. Síbẹ̀, ìlù, oògùn àti ijó wọn kò parẹ́. Àwọn Hausa náà ti gbé dambe, ìjà àwọn alápatà, kúrò lọ́jà wá sí ojú ayé lórí YouTube. Àwa nìkan la ṣì ń bára wa jiyàn bóyá ó yẹ kí ọmọ gba owó.

Mo mọ̀ pé àwọn tó ń ṣètò ìjà kì í ṣe ẹni mímọ́. Kazuyoshi Ishii, olùkọ́ kàráté tó dá K-1 sílẹ̀, ilé ẹjọ́ ní Jàpáànù rán an lẹ́wọ̀n lórí ọ̀rọ̀ owó orí. Bí ọ̀gá kàráté bá lè ṣe bẹ́ẹ̀, kí ni a fẹ́ retí lọ́wọ́ ẹni tó kàn ń wá èrè? Ìdí rèé tí kò fi yẹ kí àwọn olùkọ́ kúrò níbẹ̀. Àìsí ńlé ológbò, ilé dilé èkúté. Bí àwọn tó mọ ìwà bá kọ̀ láti wọlé, àwọn tí kò mọ̀ ọ́n ni yóò máa ṣètò ìjà.

Mo ń ké sí àwọn aṣáájú ẹgbẹ́ kàráté ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun àti ìgbìmọ̀ eré ìdárayá ìpínlẹ̀ wa: ẹ jókòó, ẹ kọ òfin yìí sílẹ̀, ẹ fọwọ́ sí i. Kò gba owó púpọ̀. Ẹ̀yin òbí ní Ìlá, ní Òkè-Ìlá àti ní Òrà, bí ọmọ yín bá ní òun fẹ́ jà gbowó, ẹ má kọ́kọ́ bínú. Ẹ bi í pé: dókítà dà? Ìwé àdéhùn dà? Olùkọ́ rẹ dà? Bí ó bá rí ìdáhùn sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ súre fún un. Bí kò bá rí i, ẹ dá a dúró, èmi náà yóò bá yín dá a dúró.

Ìwọ tó bi mí ní ìbéèrè, mo gbọ́ pé o ṣì ń gun ọ̀kadà, o ṣì ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ìrọ̀lẹ́. Má bọ́ bẹ́líìtì rẹ sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Padà lọ bá olùkọ́ rẹ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, dọ̀bálẹ̀ fún un, kí o sì fi àwọn ohun mẹ́rin yìí síwájú rẹ̀. Bó bá tún pa òwe àtijọ́ náà fún ọ, sọ fún un pé ẹni tó pa á kò rò pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ìjà yóò dọlà. Ọjọ́ náà ti dé. Kí òun bá ọ lọ, kí ó máa ṣọ́ ọ, kí ọlà náà má baà di ẹkún.